Ohùn Lammie ní Aago Mẹ́jọ Àárọ̀

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó fọwọ́ ba Lammie Oosting, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ tí Ọlọ́run dá ló máa ń pe Harm Nijenhuis lórí fóònù. Ẹ má wulẹ̀ fura sí wọn, wọn ò fẹ́ra wọn. Ọkọ Lammie ti kú, ìyàwó Harm náà ti kú, àwọn ọmọ sì ti kó lọ sí ìlú ńlá níbi tí iṣẹ́ wà. Ní abúlé wọn ní Drenthe, ní ilẹ̀ Netherlands, oko ọ̀dùnkún ló wà láàárín ilé kan sí èkejì, ènìyàn sì lè ṣubú sí bálùwẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n má rí i títí di Ọjọ́bọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn àgbà tó ń dá gbé kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá òbíríkítí fóònù sílẹ̀. Bí aago mẹ́jọ bá ti lù, Roelie Hadders tó jẹ́ olórí wọn á pe Trientje, Trientje á pe Lammie, Lammie á pe Harm, Harm á pe ẹni tó tẹ̀ lé e, títí ìpè náà á fi yí padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé fóònù, ẹnì kan á gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àwọn arúgbó yìí sì ti gbọ́n ju ejò lọ.

"O ti jí?" ni Lammie máa ń bi Harm.

"Rárá o, òkú ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Òkú tó ń mu kọfí. Mò ń gbọ́ ṣíbí ẹ."

"Ṣúgà ni mò ń pò. Àbí o fẹ́ kí n máa mu ún ní kíkorò bí ojú ẹ?"

Kò ju báyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí Lammie bá ti gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kì í gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́ àfi ti rédíò. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ ilé Harm, tí wọ́n á jọ mu kọfí nínú kíṣìnì. Àwọn mẹ́rin ló ń mu ún tẹ́lẹ̀, tọkọtaya méjì. Ikú ti mú ọ̀kan lápá ìhín, ó mú ọ̀kan lápá ọ̀hún, ó ku àwọn méjì tó ń bára wọn ṣàwàdà.

Nígbà tí igi ń wọ́wé ni àrùn náà dé. Wọ́n gbé Lammie lọ sí ilé ìwòsàn ní Assen, ó sì padà wálé lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì lágbára, ẹnu rẹ̀ kò wọ́. Gbogbo ènìyàn ní orí yọ ọ́. Orí yọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ohùn àlejò ló jáde.

Ní èdè ilẹ̀ wọn, bí wọ́n bá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan, ti iwájú ni wọ́n sábà máa ń tẹ ohùn mọ́, ti ẹ̀yìn á kàn máa bá a lọ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Ìkòkò kọfí ni koffiekan, orí kof ni ẹrù wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni achterdeur, orí ach ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣì í. Lammie wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kan tó wà nídìí koffiekan, ó ń tẹ deur, ó sì ń gé ọ̀rọ̀ níbi tí ẹnì kankan kì í gé e. Ẹ ro obìnrin tó ń pe ọkọ rẹ̀ láàárín ọjà, tó jẹ́ pé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni gbogbo ọjà ń gbọ́. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ kankan. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ ara rẹ̀. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ibi tí ọpọlọ ti ń wọn ohùn ni àrùn náà bà, pé ó lè padà bọ̀ sípò, ó sì lè má padà.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Marloes, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ, ni wọ́n ní kó máa lọ bá. Marloes á ní kó fi ọwọ́ lu tábìlì bí sílébù kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde.

"Líle, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, Màmá Oosting. Kof. Fie. Kan."

Lammie á lù ú. Ọwọ́ á gbọ́ràn, ẹnu á kọ̀.

"Màmá, ẹ rọra o, tábìlì ò ṣẹ̀ yín."

Lammie rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, tó jókòó ti tábìlì tirẹ̀, tó ń lu igi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ̀rín ti tán. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ bó bá gbà á, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ bó bá ṣì í.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn ará Netherlands, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí etí wọn bá ti gbọ́ ohùn àlejò fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á bọ́ sí. Wọ́n rò pé inú rere ni. Èmi tí mo ti bá wọn gbé pẹ́, mo ti jẹ inú rere yẹn yó, mo tún ti fi kún un. Lammie lọ sí ilé búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n fún òun ní búrẹ́dì dúdú, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti kékeré. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá kí òun gé e sí wẹ́wẹ́. Lammie, tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òdìkejì títì náà, mi orí, ó gba búrẹ́dì, ó lọ sílé. Ó sunkún. Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti dá ọgbọ́n kan. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ju sílébù ẹyọ kan lọ kò ní ibi tí yóò gbà ṣì. Ja. Nee. Goed. Dank. Bí ènìyàn bá fọgbọ́n ṣe é, ó lè fi bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dáa àti a dúpẹ́ la gbogbo ọjọ́ já, kó sì dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́ lásán. Ó dẹ́kun lílọ sílé Harm lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ń tì í.

Nígbà tí Roelie wá bi í bóyá ó ti ṣe tán láti padà sínú òbíríkítí, ọkàn Lammie fò sókè. Ó ní ja. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Trientje pè é.

"Lammie! O ti jí?"

"Ja."

"Ara ti le?"

"Goed."

"Ṣé o rí i! Mo sọ fún wọn pé o máa gbádùn. Ẹsẹ̀ tèmi ni kò jẹ́ kí n sùn, mo tún gbé ẹja sórí iná mo gbàgbé ẹ…"

Trientje kì í fún ẹnikẹ́ni láyè láti fèsì tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò mọ̀ pé nǹkan yí padà. Ó sọ tirẹ̀ tán, ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wá ku Harm. Lammie ti fi ọ̀sẹ̀ kan lu ìkíni àárọ̀ wọn sórí tábìlì. Ó tẹ nọ́ńbà náà, Harm gbé e, Lammie kí i, ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Gbogbo ohun tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ fò lọ, ohùn àlejò náà ló jáde.

Harm gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló fi Gẹ̀ẹ́sì jákujàku sọ pé, "Nọ́ńbà yìí kọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó gé e.

Lammie tún pè é. "Harm, èmi ni, dúró…"

"Ẹ ò ní rí nọ́ńbà báǹkì mi gbà!" ni Harm pariwo, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. "Mo mọ̀ yín! Mo ti rí yín nínú tẹlifíṣọ̀n! Olè!"

Báyìí ni òbíríkítí ṣe já lọ́jọ́ náà. Harm tó ń retí Lammie kò pe ẹni tó kàn, Roelie sì gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bá a tó ń bínú. Harm sọ pé àwọn olè orí fóònù ti rí òun, obìnrin kan láti ilẹ̀ òkèèrè, pé Lammie ní tirẹ̀ kò pe òun rárá. Roelie yí kẹ̀kẹ́ padà, ó dé ọ̀dọ̀ Lammie.

"Lammie, ṣé o gbàgbé láti pe Harm ni?"

Òtítọ́ ti dé ẹnu Lammie. Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ pé kì í ṣe olè, pé òun ni, ó ní láti sọ gbólóhùn gígùn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ni yóò sì máa tú u fó. Ó ro ojú tí Roelie máa fi wò ó. Ó ní, "Ja."

Roelie fọwọ́ ra ọwọ́ rẹ̀. Ènìyàn rere ni Roelie, ibẹ̀ gan-an ló ti burú. "Kò burú. Àrùn yẹn kì í ṣe kékeré. Wò ó, má wulẹ̀ ṣe ìyọnu ọ̀rọ̀. Jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀méjì ní ilé Harm, kó o gbé e sílẹ̀. Òun náà á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀méjì padà. A ti mọ̀ nìyẹn pé ẹ wà láyé." Ó sì lọ sọ fún Harm pé Lammie ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kó má fi dandan mú un.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Lammie dákẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Lójoojúmọ́, fóònù á dún lẹ́ẹ̀méjì lọ, á dún lẹ́ẹ̀méjì bọ̀, ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù láàárín òun àti Harm. Harm kò wá sílé rẹ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé yẹn lè fọwọ́ lásán mú akọ màlúù, ṣùgbọ́n wọn ò lè jókòó ti aláìsàn tí kò ní fèsì. Ohun kan tí Harm ṣe ni pé ó ra irin ìdènà, ó fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí àwọn olè orí fóònù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn kò rí ìdènà rí láti ayé bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni aládùúgbò ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn iwájú, ti dókítà ni, ti pásítọ̀ ni, ti àlejò ni, ti pósí ni.

Ní oṣù kìíní ọdún, yìnyín bo ojú ọ̀nà. Lammie jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀méjì, ó gbé e sílẹ̀, ó dúró. Kò sí èsì. Ó tún pè, ó jẹ́ kó dún títí tó fi gé ara rẹ̀. Ohun tí òfin wọn sọ ni pé kó pe Roelie. Ó gbé fóònù, ó ro bí gbólóhùn náà ṣe gùn tó, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ronú pé ẹsẹ̀ òun á tètè dé ju ẹnu òun lọ. Ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó fi ìborùn wé orí àti àgbọ̀n, ó ju fóònù sápò, ó ń gba orí koríko lọ kí yìnyín má baà gbé e ṣubú.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ṣí. Ó tì í, ó fi èjìká tì í, ó gbọ́ bí irin kan ṣe ń dún. Kò mọ̀ pé Harm ti fi nǹkan sí i. Ó wá yí lọ sí ilẹ̀kùn iwájú, èyí tí kò gbà wọlé rí láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó Harm. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé, ó yọjú. Harm wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gíláàsì ojú rẹ̀ ti fò lọ sábẹ́ àga.

"Harm!" ni Lammie ké. "Harm, kí ló ṣe ẹ́?"

Harm gbé orí. Ó gbọ́ ohùn náà. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Mi ò lówó nílé. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi ni, Lammie ni."

"Lammie?" Harm mí kanlẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún àlejò tó ṣìnà. "Lammie… kò lè… sọ̀rọ̀. Ilé Lammie… lọ́hùn-ún. Ẹ lọ pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ bá mi pè é."

Ọ̀rọ̀ náà gún Lammie débi pé ó jókòó sórí yìnyín. Harm ń bẹ Lammie pé kó lọ pe Lammie wá. Ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ mu kọfí, ọkùnrin náà wà nílẹ̀, orúkọ Lammie ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, Lammie náà sì wà níbẹ̀, kò sì sí níbẹ̀. Ó fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Harm ti yí, ilẹ̀ sì tutù.

Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí ọkùnrin tó gbé e fi bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, tìfẹ́tìfẹ́. Lammie kò bá a jà. Ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ nílé-ìwé sọ ibi tó wà, bàbá àgbà, ìṣubú, ilẹ̀kùn tì. Ó yá kíákíá. Ó yá ju bí ì bá ṣe rí ká ní èdè ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọ́ lọ, ìyẹn sì dùn ún. Lẹ́yìn náà ló padà sí ihò lẹ́tà, ó ń bá Harm sọ̀rọ̀ títí ọkọ̀ fi dé. Ó ń sọ nípa kọfí, nípa Berend ọkọ rẹ̀, nípa bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Harm kò dá ohùn mọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì wọ̀ ọ́ létí tán nítorí ìrora, ṣùgbọ́n ó ní kó má dákẹ́. Nígbà tí wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì gbé e kọjá, ó na ọwọ́, ó di ìka ọwọ́ obìnrin tó fi ìborùn bojú náà mú, ó dúpẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Roelie fi gun kẹ̀kẹ́ dé, ọkọ̀ ti lọ, Lammie ti lọ sílé.

"O ò rí i pé Harm ò pè ẹ́ padà ni?" ni Roelie bi í lọ́jọ́ kejì. Lammie wo ilẹ̀. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i.

Ó di oṣù kẹta kí egungun ìbàdí Harm tó san tó láti fi ọ̀pá rìn. Àwọn ará òbíríkítí pàdé ní gbọ̀ngàn abúlé láti mu kọfí, Harm sì gbé kéèkì olómi-wàrà ńlá wá. Wọ́n gé e, ẹnì kan ìrẹ́ kan. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Harm àfi ti obìnrin àlejò.

"Mo ń gbọ́ ọ títí dòní," ni Harm wí. "Bí mo bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ ọ. Ó kúnlẹ̀ sórí yìnyín nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí."

"Ẹ gbọ́, Harm ti rí ìyàwó," ni Trientje wí.

"Ìwọ lọ jẹ kéèkì ẹ. Ineke ọmọ mi ti wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin Pólàǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní oko òdòdó. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣáà fẹ́ kó jókòó níwájú mi, kí n wo ojú ẹ̀."

Lammie wà lópin tábìlì. Ó ti kéèkì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Roelie fa àga sún mọ́ ọn, ó yọ nǹkan kékeré kan nínú báàgì, okùn wà lára rẹ̀ bí ẹ̀gbà ọrùn, bọ́tìnnì pupa sì wà láàárín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Lammie, a ti sọ̀rọ̀ náà láàárín ara wa. Ọjọ́ tí Harm ṣubú, ìwọ ló yẹ kó o mọ̀. Díẹ̀ ló kù kó kú. A ò dá ẹ lẹ́bi o, àìsàn ni. A ti fi ẹlòmíì sí ipò ẹ nínú òbíríkítí. Ìwọ á máa fi eléyìí kọ́rùn, bí nǹkan bá ṣe ẹ́, kó o tẹ̀ ẹ́. O ò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní máa yọ ẹ́ lẹ́nu. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?"

Ìpè méjì yẹn, tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Lammie rí gbogbo àárọ̀ tó ṣẹ́ kù fún un láyé, tí fóònù kò ní dún. Ó ti lanu láti sọ goed. Ó sé e.

Ó dìde. Ó di etí tábìlì mú.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo rí i pé kò pè mí padà. Mo rin orí yìnyín lọ. Mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ti fi irin tì í. Mo gba ilẹ̀kùn iwájú. Mo sọ fún un pé Lammie ni, ó ní Lammie ò lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí n lọ pe Lammie wá."

Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn inú rẹ̀ ló tẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó tẹ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú, ó tẹ ìdí rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bà jẹ́, kò dúró. "Èmi ni mo pè ẹ́ lọ́jọ́ kìíní, Harm. Èmi ni olè."

Kò sẹ́ni tó gbé ife sẹ́nu. Trientje, tó bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé-ìwé láti ìgbà tí eyín iwájú àwọn méjèèjì ti yọ, fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi í, rọra, pẹ̀lú ohùn gíga, bóyá ó fẹ́ jókòó.

"Trientje, panu mọ́," ni Roelie wí.

Lammie kò wo ẹlòmíì, Harm ló ń wò. Ó ti rò pé ojú ọkùnrin náà máa tàn. Kò tàn. Harm wò ó pẹ́, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Lammie mọ irú omijé yẹn, irú èyí tí òun náà da nígbà tí Berend ọkọ rẹ̀ kú ni. Harm ń ṣọ̀fọ̀ obìnrin Pólàǹdì tí kò sí. Ó ti fi oṣù méjì fẹ́ràn ẹnì kan, ẹni náà sì wá di Lammie tí wọ́n ti jọ ń mu kọfí láti ogójì ọdún. Ó dun Lammie ju ti ilé búrẹ́dì lọ.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Harm bi í nígbẹ̀yìn.

"Mo sọ fún ẹ. Gẹ̀ẹ́sì lo fi dá mi lóhùn."

Harm tẹrí ba. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n fi ń jẹ kéèkì nu ojú rẹ̀. Roelie mú bọ́tìnnì pupa náà lórí tábìlì, ó jù ú padà sínú báàgì, ojú ń ti òun náà. "Ọ̀la," ló wí. "Aago mẹ́jọ. Ẹnu ni kó o fi pè é."

Lọ́jọ́ kejì, Trientje pè é, ó fún un láyè láti fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣòro fún un. Lẹ́yìn náà Lammie tẹ nọ́ńbà Harm. Kò lu tábìlì kankan kó tó ṣe é.

"O ti jí?" ló bi í.

Kò sí èsì. Ó ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó fẹ́ gé e.

"Harm?"

"Mo wà ńbí," ni Harm wí. Kò fi ṣe àwàdà. "Má bínú tí mo bá ń pẹ́ kí n tó dáhùn. Bó o bá ti lanu, mo ní láti kọ́kọ́ wá ẹ nínú ohùn yẹn kí n tó rí ẹ."

Lammie wo ojú fèrèsé. Oko ọ̀dùnkún dúdú lọ títí, kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀.

"Èmi náà, Harm," ló wí. "Èmi náà ṣì ń wá ara mi níbẹ̀."